Olódùmarè Bi Wọ́n Léèrè Ẹnì Kẹtàdínlógún

Mùsùlùmí ń jẹ́rìí pé kò sí ọba mìíràn àfi Allah. Kristẹni ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tó ti ìpàdé Nísíà ọdún 325 wá. Júù ń ka Ṣémà inú Diutarónómì orí 6 láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọlọ́run kan ni gbogbo wọn ń wí. Ni wọ́n bá yíjú sí onífá: tìẹ ńkọ́, mélòó ni?

Èmi onífá, odù Ifá tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá ni n ó fi dáhùn. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin àárín wọn. Àwọn ọkùnrin la igbó awo, wọ́n jókòó sí ìpàdé, wọn ò fi lọ̀ ọ́. Ni gbogbo nǹkan bá dojú rú. Òjò kọ̀, àìsàn ò gbóògùn, ẹbọ ò dà. Wọ́n sáré padà sọ́run. Ẹ wo ohun tí Olódùmarè ṣe: kò ní kí wọ́n wá máa bọ òun nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò bá wọn tún un ṣe. Ó bi wọ́n pé ẹnì kẹtàdínlógún yín dà? Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

Bolaji Idowu, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tó jáde ní 1962, pé Ọlọ́run kan ni Yorùbá ń sìn, pé òjíṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn òrìṣà. Ó gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé baba wa ò mọ Ẹlẹ́dàá, mo sì dúpẹ́ oore náà. Ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ wo ni ọ̀gá rẹ̀ ń rán ènìyàn lọ bẹ̀? Nínú Òfin Mẹ́wàá, a ò gbọdọ̀ ní ọlọ́run mìíràn. Nínú Kùránì, ṣíríkì, ìyẹn fífi ẹlòmíràn ṣe akẹgbẹ́ Allah, lẹ́ṣẹ̀ tó burú jù. Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, ti Olódùmarè nìkan ni ìdájọ́ ìkẹyìn, ìdájọ́ náà ló sì dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú. Nítorí náà, ẹni tó bá dìde níbi ìgbéyàwó ìmàle àti onígbàgbọ́ tó ní “ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn,” àlàáfíà ló ń wá. Ẹ má fi ṣe ẹ̀kọ́ Ifá.

Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tó bí ni Ọ̀ṣẹ́túrá, òun ni wọ́n sì gbà sáàárín ara wọn. Òun náà ni Ifá ní ó ń gbé ẹbọ lọ síwájú Olódùmarè, ìyẹn ni babaláwo fi ń pè é kí ẹbọ tó gbéra.