Omijé Kò Dá Ẹ̀jẹ̀ Padà

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa: bí ẹni tó ń ṣe ibi bá ń sunkún bí ó ti ń ṣe é, ǹjẹ́ ẹkún náà sọ ọ́ di ẹni rere? Ìwé ìtàn kan tí a kà nígbà èwe, tí a sì tún kà ní àkókò ìsinmi tó kọjá lórí àwọn òkè Ìdáàṣà, ni ó gbé ìbéèrè yìí kò wá lójú.

Anne Rice, ọmọ ìlú New Orleans ní Louisiana, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé náà. Ọdún 1976 ni ó jáde. Àwọn tó ń ka Faransé mọ̀ ọ́n sí Entretien avec un vampire. Láti ìgbà náà títí di 2018, ọ̀pọ̀ ìwé ni obìnrin yìí kọ nípa àwọn òkú tí kì í jẹrà, tí wọ́n ń jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. A kò ní pè wọ́n ní àjẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wa. Amùjẹ̀ ni a ó máa pè wọ́n.

Amùjẹ̀ kan tó ń jẹ́ Louis ni ó ń sọ ìtàn inú ìwé àkọ́kọ́. Ó jókòó nínú yàrá kan ní San Francisco, ó ń ròyìn ayé rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀. Ní 1791 ni Lestat, tí òun náà jẹ́ amùjẹ̀, sọ ọ́ di ọ̀kan nínú wọn. Lestat a máa fi ẹ̀rín pa ènìyàn. Louis a máa fi ẹkún pa á. Fún ọdún díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni Louis ń mu kí ó má baà pa ọmọ ènìyàn. Nígbẹ̀yìn, ó padà sórí ènìyàn. Ìpànìyàn ń lọ, ẹkún náà sì ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wá nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìtàn yìí. Òru mẹ́ta ni a fi kà á tán, àánú Louis sì gbà wá lọ́kàn. A gbà nígbà náà pé ẹni tí ibi ọwọ́ rẹ̀ bá ń dùn lọ́kàn kò lè jẹ́ ẹni ibi pátápátá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìwé náà ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí a padà sí i, ojú ìwé tí a ti fi ìkánjú kọjá lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni ó dá wa dúró. Kí ni Louis ń ṣe kí ó tó di amùjẹ̀? Ó ní oko ńlá lẹ́bàá New Orleans, oko ẹ̀lú, ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa nídìí ìkòkò aró. Àwọn ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ oko náà. Nígbà tí Lestat dé, lára wọn ni ó ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọ̀gá wọn ti dà. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jókòó nídìí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Louis dáná sun ilé oko náà, ó bá tirẹ̀ lọ, ìtàn sì tẹ̀ lé e.

Láti orí àpáta tí a jókòó sí, a ń wo àwọn òkè tí wọ́n fi ń pe Ìdáàṣà ní ìlú òkè 41. Àwọn baba ńlá wa kò gun àwọn òkè wọ̀nyí nítorí ẹwà wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń gbóde láti kó ènìyàn lẹ́rú, àpáta ni odi wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọwọ́ ogun bà ni a kó lọ sí Ouidah. Ẹni dúdú ni ó mú wọn, ẹni dúdú ni ó sì tà wọ́n. Láti èbúté Ouidah náà ni ọkọ̀ òkun ti kó ẹrú lọ sí Louisiana ní 1719, ọdún kan péré lẹ́yìn tí a tẹ New Orleans dó. Ẹni tó bá ti ibí yìí ka ìtàn Louis kò lè fi ojú ọmọ San Francisco kà á.

Àwọn àgbà wa sọ pé: “Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.” A ti sunkún fún ọmọ, a kò gbọ́ ikú ẹrú.

Ẹnìkan lè sọ pé a ń fi ìyà jẹ òǹkọ̀wé náà láìtọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ni àrùn ẹ̀jẹ̀ pa ní 1972, láti inú ọ̀fọ̀ yẹn ni ìwé náà sì ti jáde. Kì í ṣe oko ẹrú ni ó jókòó láti kọ nípa rẹ̀. Òótọ́ ni, a sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀ ìyá. Ẹlòmíràn lè sọ pé ebi ni ó ń pa Louis, àti pé ebi kò mọ ẹ̀ṣẹ̀. Èyí ni a kò gbà. Kí eyín Lestat tó kan ọrùn rẹ̀, Louis ti ń jẹun lára àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ebi kan kò pa á nígbà náà. Òfin fàyè gbà á, ọjà ẹ̀lú ń pè, àwọn aládùúgbò ń ṣe bákan náà. Ẹkún tó ń sun lẹ́yìn náà kò sì dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lóko.

Èdè wa ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ìrònúpìwàdà ni a ń pè é nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ bá yí padà. Ìrònú wà nínú rẹ̀, pípa ìwà dà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ro inú tí kò pa ìwà dà ti dúró láàárín ọ̀nà, ibẹ̀ ni Louis kọ́lé sí. Ní òpin ìwé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti gbọ́ gbogbo ìròyìn ikú wọ̀nyẹn bẹ Louis pé kí ó sọ òun náà di amùjẹ̀. Inú bí Louis gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ì bá tún kọ́? Ó gbọ́ ẹkún, ó sì rí i pé ẹni tó ń sunkún ṣì ń mu.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa. Nínú agboolé tí a háyà yàrá sí nígbà tí a wà ní yunifásítì, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ọmọ ọ̀dọ̀, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní vidomègon. Àṣà ìgbọ́mọtọ́ láàárín ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn kan, ó ti di ọ̀nà láti rí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ní òru mẹ́ta tí a fi ń sunkún fún Louis, ọmọ yìí ń fọ ìkòkò lábẹ́ fèrèsé wa. Ó máa ń ṣe wá láàánú. A fún un ní búrẹ́dì nígbà mìíràn. Omi tó pọn ni a fi ń wẹ̀. A kò bi í léèrè rí ìdí tí kò fi lọ sílé ẹ̀kọ́, a kò sì mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Láti 2015 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ní ìwé òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn pọn omi. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésì tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa kò padà wá. Wọ́n ní a ti mú un lọ sí Kútọnú. A ní, “Ó mà ṣe o,” a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí níjòókòó. Ìgbà tí a ka ìwé Louis lẹ́ẹ̀kejì ni a tó dìde lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí gàárì tó ń tà létí ọ̀nà. Ó wò wá títí, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Bí mo bá mú un padà wálé, ta ni yóò bá mi bọ́ ọ?”

A kò ní èsì lẹ́nu lọ́jọ́ náà. A ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, a sì mú olùkọ́ méjì dání kí a lè jọ gbé ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìjókòó ọmọ náà ṣì ṣófo, àti pé àánú wa nìkan kò lè kún un.