Gbèsè Tí Arìnrìn-àjò Jẹ

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Onílé a máa yá owó ra adìẹ, a máa tẹ́ ẹní tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lé fún àlejò, kò sì ní jẹ́ kí àlejò náà mọ̀ pé ilé kò dẹrùn. Gbèsè onílé ni òwe náà mẹ́nu bà. Kò sọ nǹkan kan nípa ti àlejò. Ǹjẹ́ àlejò kò jẹ gbèsè kankan bí? Bí ó bá sì jẹ, ta ni yóò san án fún, kí sì ni yóò fi san án? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ó bá wa ní ibi tí a kò fọkàn sí, láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi alùpùpù wá ìgbádùn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ gbé wa dé ilẹ̀ Faransé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ó gbà wá sílé ní alùpùpù ńlá kan. Nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ kejì ń bọ̀, ó ní kí a bá òun lọ sí ìpàdé àwọn tí ń fi alùpùpù rin ìrìn àjò jíjìn. A jókòó lẹ́yìn rẹ̀, a sì dé oko àgbẹ̀ kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Apá kan pápá náà kún fún àgọ́ kéékèèké, apá kejì kún fún alùpùpù. Àpótí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ̀ọ̀kan wọn, àmì àwọn orílẹ̀-èdè tí olówó rẹ̀ ti là kọjá sì lẹ̀ mọ́ àpótí náà bí ilà ojú: Mòrókò, Mauritáníà, Sẹ̀nẹ̀gà, Tógò. Nígbà tí a rí àsíá Bẹ̀nẹ̀ lára mẹ́ta nínú wọn, inú wa dùn, àyà wa sì já díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àjèjì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀kọ́ ni láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọkùnrin kan jókòó sórí koríko, ó ń fi bí a ti ń tú táyà pẹ̀lú irin méjì péré han àwọn ọ̀dọ́. Obìnrin kan ń ṣàlàyé ìwé tí àwọn aṣọ́bodè ń béèrè fún alùpùpù ní ẹnu ibodè. Ẹlòmíràn ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń di ọgbẹ́ nígbà tí ilé ìwòsàn bá jìnnà. Kò sí ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ nínú wọn. A bi obìnrin náà léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, “Ẹnìkan ni ó kọ́ mi.”

Irú ìpéjọpọ̀ báyìí ti pẹ́ ní Yúróòpù. Láti 1956 ni wọ́n ti ń ṣe Elefantentreffen, ìyẹn Ìpàdé Erin, ní Jámánì. Àárín òtútù yìnyín ni wọ́n ń pàgọ́ níbẹ̀, orúkọ náà sì wá láti ara alùpùpù Zündapp KS 601 tí àwọn ará Jámánì ń pè ní erin aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Horizons Unlimited, tí tọkọtaya Grant àti Susan Johnson dá sílẹ̀, mú ìpàdé àwọn arìnrìn-àjò alùpùpù dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Kí a má parọ́, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ pa wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni ń wá ìyà orí alùpùpù kiri? Ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀dá owó dá ní Bẹ̀nẹ̀, ni iṣẹ́ zémidjan gbilẹ̀. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ó túmọ̀ sí “gbé mi kíákíá”. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí wọn kò ríṣẹ́ ṣe gun orí rẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Oòrùn ń pa wọ́n, èéfín ń wọ̀ wọ́n nímú, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n kí wọ́n tó pé ogójì ọdún. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ìrìn àjò. Àwọn tí a sì bá ní pápá yẹn ń gun ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ lé ní 10.000.000 fránkì CFA nígbà tí ó wà ní tuntun, wọ́n wá ń fi í wá ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà kiri. A ní lọ́kàn ara wa pé ẹni tí ó yó ni ó ń fi ebi ṣeré.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kíákíá kò yẹ olùkọ́. Bí a ti ń gbọ́ ìtàn wọn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n sọ fún wa nípa akọ̀ròyìn ará Faransé, Anne-France Dautheville, tí ó gun Kawasaki 125 yí ayé ká ní 1973, obìnrin, òun nìkan ṣoṣo. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ted Simon kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lórí Triumph 500. Ọdún mẹ́rin ni ó fi rìn, ó sì kọ ìwé Jupiter’s Travels nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó nínú ọkọ̀ olóyẹ́, gíláàsì wà láàárín òun àti ìlú. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù kò ní gíláàsì. Òjò pa á bí ó ti ń pa onílé, òórùn ọbẹ̀ ìlú a sì máa bá a lójú ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì kú, ọwọ́ ẹni tí ó bá wà nítòsí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. A wá rí i pé kì í ṣe ìyà gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá. Wọ́n ti kúrò ní ilé tí ohun gbogbo ti tó, kí wọ́n lè dé ibi tí wọn yóò ti nílò ènìyàn. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Báyìí ni ẹ̀rín wa ṣe wábi gbà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa kó jọ sínú ilé ńlá tí àgbẹ̀ náà ń kó koríko ẹran sí. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, àwọn arìnrìn-àjò sì ń fi àwòrán hàn lórí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀tàn. Ó kan ọkùnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹni pẹ̀lẹ́, tí ó gun alùpùpù láti Mòrókò dé Kútọnù. Ó fi àwòrán kan hàn, ara wa sì bù máṣọ: àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ̀ẹ́ ni, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Pàràkú kọjá kò lè ṣì mọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù zémidjan dúró níwájú àwọn òkè náà, ó mú ṣéènì tí ó já lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà ní ṣéènì òun já ní ọ̀sán gangan. Ọ̀dọ́kùnrin yìí dúró, ó gbé òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún alùpùpù ṣe, ó dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì gbé èrò kankan mọ́ ní ọjọ́ náà. Ó mú òun lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Ìyá gún iyán, ó sì tẹ́ ẹní fún òun. Ní àárọ̀, òun na owó sí wọn, ìyá àti ọmọ sì kọ̀ ọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ń nu omijé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

A na ọwọ́ sókè. A ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ohun rere nípa ilé wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà?”

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní, “Ó sọ ọ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ náà ń pè é léraléra. Mo ti gbàgbé.” Bẹ́ẹ̀ ni ó ti sọ ọjọ́ tí ṣéènì já fún wa, àti iye kìlómítà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti rìn kí ó tó já.

Kì í ṣe láti dójú tì í ni a fi béèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò sì fi wá sílẹ̀ láti ìgbà náà. Kí ni ọkùnrin rere yìí jẹ ẹni tí ó gbà á?

Àwọn kan yóò ní kò jẹ nǹkan kan. Oore tí a bá ń retí owó rẹ̀ ti di ọjà, ìyá náà sì ti kọ owó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó nìkan ni ó kọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ sì gbọ́dọ̀ mọ ilé ẹni tí ó ń lọ. Ẹni tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ “àwọn ará Áfíríkà” kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Àwọn ará Áfíríkà kọ́ ni wọ́n gún iyán.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ó san án síwájú: ohun tí ó gbà ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ó fún ọ̀dọ́ mìíràn níbòmíràn. Ìlànà ìpàdé yẹn gan-an nìyí, ó sì wù wá. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí oore náà ń lọ. Láti ilé ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ti jáde, ó dé oko kan ní Faransé, ó wá ń yí ká láàárín àwọn tí ìwé ìrìnnà wọn ń ṣí ibodè. Kò padà. Bí omi bá ń ṣàn láti orísun kan lójoojúmọ́, tí òjò kò sì rọ̀ sórí rẹ̀, orísun náà yóò gbẹ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù nìyí. Kétu ní odi àti yàrà yí ká láyé àtijọ́, Àkábà Ìdènà sì ni ẹnu ibodè rẹ̀ tí ó lókìkí. Ẹnu ibodè a máa tì, a sì máa ṣí. Onílé ni ó ni àṣẹ rẹ̀, a kò bá ìlú kankan wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni arìnrìn-àjò wa ti gba físà Bẹ̀nẹ̀, láìkúrò nílé. Àwa tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pè, oṣù mẹ́ta ni a fi kó ìwé jọ: ìwé iṣẹ́, ìwé owó oṣù, ìwé ìgbéyàwó, àti ẹ̀rí pé a óò padà sílé. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó mú ṣéènì lọ́wọ́ kò ní owó oṣù tí yóò fi hàn. Kò lè rìnrìn àjò wá jẹun ní ilé ẹni tí ó jẹun ní ilé ìyá rẹ̀. Arìnrìn-àjò náà kọ́ ni ó ṣe òfin yìí, a kò sì lè ní kí òun nìkan tú u. Ohun tí a rò pé ó jẹ ni ẹ̀rí. Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eéṣú, ó jẹ gbèsè láti dìde, kí ó ní, “Mo sun ilé wọn. Lágbájá ọmọ lámọrín ni ó gbà mí.” Ẹ̀rí tí kò ní orúkọ kò lágbára. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ṣe pàtàkì.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àròkọ yìí sórí ìbáwí àjèjì, kí ara sì tù wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a padà sílé, ohun kan ṣẹlẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, zémidjan kan náà ni ó ń gbé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àràárọ̀. Ó mọ wákàtí wa. Ó mọ̀ nígbà tí ọmọ wa ṣàìsàn, ó sì kọ owó ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé kan, kò wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ sí ìkóríta tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dúró sí láti béèrè rẹ̀. Wọ́n ní, “Olùkọ́, ta ni ẹ ń wá?” A kò lè dáhùn. “Zém” ni a ti ń pè é fún ọdún mẹ́ta. A júwe rẹ̀: ó dúdú, kò ga púpọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Irú wọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Títí di òní, a kò mọ̀ bóyá ó ṣàìsàn, tàbí ó kó lọ sí ìlú mìíràn, tàbí ó kú.

Ọkùnrin tí a bi léèrè ní Faransé sun ilé ẹni tí ó gbà á fún òru kan péré. Àwa ti jókòó lẹ́yìn tiwa fún ọdún mẹ́ta, a kò sì kọjá ibodè kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, a kò ní kí ẹ ra alùpùpù ńlá, a kò sì ní kí ẹ má rà á bí ọwọ́ yín bá tó o. Ohun kékeré ni a ń bẹ̀ yín fún: ẹni tí yóò gbé yín lọ́la, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.

Ní ti ọkùnrin yẹn, kí a tó kúrò ní pápá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó wá bá wa ní ẹnu àgọ́, ó sì fún wa ní àwòrán náà. Ó ní bí a bá rí ọ̀dọ́kùnrin náà, kí a fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣéènì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Títí a fi ń kọ èyí, a kò tíì rí i. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún wa.