Ta Ni Ó Ń San Owó Àníyàn?

Nígbà tí àgbẹ̀ bá jókòó láti ṣírò ohun tí oko ná an, owó irúgbìn, owó ajílẹ̀ àti owó alágbàṣe ni ó máa ń kà. Òru tí kò rí oorun sùn kì í sí nínú ìṣirò náà. Síbẹ̀, òru wọ̀nyẹn ní iye tiwọn, ẹnìkan sì ń san án. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí: ǹjẹ́ àníyàn ojoojúmọ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní másùnmáwo, jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo, tí ó gbọ́dọ̀ gbé mì láìfọhùn?

Ní Kaboua, ní ilẹ̀ Ṣábẹ, àníyàn ní àkókò tirẹ̀. Ilé ìwé a máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òwú tí a fẹ́ fi san owó rẹ̀ ṣì wà lóko. Òjò lè pẹ́, ó sì lè pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, ibi tí ọwọ́ wa kò tó ni ìdààmú ti ń wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀; ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Àwọn tí ń kó irè kọjá odò Ọ̀pàrá kọ́ ni ó pa àṣẹ náà, ṣùgbọ́n àwọn ni kò rí oorun sùn nítorí rẹ̀.

Kí ni àìsùn yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni? Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn àgbẹ̀ onírèké 464 ní Tamil Nadu, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n dán àgbẹ̀ kan náà wò ṣáájú ìkórè, nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì tún dán an wò lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ara dẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i pé ìrònú rẹ̀ kò já gaara ṣáájú ìkórè bí ó ti rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni náà kò di òmùgọ̀. Àníyàn ni ó gba àyè lọ́kàn rẹ̀.

Ìrèké kò ṣàjèjì sí Ṣábẹ, ẹ̀kọ́ yìí náà kò sì yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ìpinnu rere wúlò fún jù lọ ni àníyàn ń dè lọ́wọ́. Òun ni ó ń ta kájú nígbà tí igi ṣì wà ní òdòdó, ní iye tí olówó bá pè. Òun ni ó ń yá owó èlé san gbèsè èlé. A ó ní kò mọ owó ná, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsùn ti bá a ná an.

Ara pẹ̀lú ń san tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé, lọ́dún 2019, láàárín àwọn ẹni ọdún 30 sí 79, bílíọ̀nù 1.28 ènìyàn ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀. A kò sọ pé àníyàn nìkan ni ó ń fà á. Iyọ̀, ọjọ́ orí àti ìran ẹni wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tí kò sinmi kì í pẹ́ ráhùn. Ẹni tí orí ń fọ́ a ra oògùn inú agbọ̀n lọ́jọ́ ọjà kan, a tún ra á lọ́jọ́ ọjà kejì, títí owó wẹ́wẹ́ náà yóò fi ju owó àyẹ̀wò kan ní ilé ìwòsàn lọ. Nínú ilé ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí kò ṣẹ̀ ni ó ń gba ìbínú tí gbèsè bí.

Àwọn kan yóò dáhùn pé sùúrù ni baba ìwà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Sùúrù jẹ́ ìwà rere nígbà tí a bá ń dúró de ohun tí ń bọ̀; ìdákẹ́jẹ́ tí ń jẹ́ kí ẹrù ẹni wó lu ọmọ àti aya kì í ṣe sùúrù. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, tí ó sì ń rọ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè pé kí ó ní sùúrù, oorun ẹlòmíràn ni ó ń ná.

Nítorí náà, a kò lè gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni àníyàn. Bí ìyà rẹ̀ bá ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojúṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àtúnṣe rẹ̀. Kí ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ san án lọ́jọ́ tí ó dá. Kí ẹgbẹ́ alájọ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbà ọ̀wọ́n, kí kájú má baà di títà ní òdòdó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé ìwé ń dà láàmú rí ẹni sọ fún kí ó tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Àwọn baba wa kò fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún ẹnìkan. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ebè. Ohun tí ó ṣe é ṣe fún ebè ṣe é ṣe fún ẹrù ọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ kì í gbé ọkọ́ wá àfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ sọ pé oko òun ti di igbó.