Àpótí Méjì, Dáìsì Méjì

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ọkùnrin kan gbé àpótí méjì wọ káṣínò Binion's Horseshoe ní ìlú Las Vegas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Owó ló kún inú ọ̀kan, 777,000 dọ́là. Òfìfo ni èkejì. William Lee Bergstrom ni orúkọ rẹ̀, ará ìpínlẹ̀ Texas ni, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti pe àwọn onílé náà lórí fóònù ṣáájú, ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Benny Binion tó dá ilé náà sílẹ̀ ní 1951 kò bẹ̀rù owó ńlá. Òfin tirẹ̀ ni pé iye tí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni òpin iye tó lè ta, ì báà ga tó òkè.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ní ìpínlẹ̀ Ògùn gbọ́ ìtàn yìí dáadáa. Ẹnubodè ni à ń gbé. Ẹni tó bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá kò ní pẹ́ dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Àjàṣẹ́ sì ni Kútọnu, níbi tí ilé tẹ́tẹ́ àwọn olówó wà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ rìn, fóònù tó wà lápò rẹ̀ ti tó káṣínò. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọ́n tún pàṣẹ ní oṣù kọkànlá pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù dé ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ààlà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Ìpókíà, àtẹni tó ń ṣòwò tó tọ́, àtẹni tó ń ṣe fàyàwọ́. Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni tẹ́tẹ́ ń wá kiri.

Ẹ jẹ́ ká mọ eré tí Bergstrom wá ta. Craps ni wọ́n ń pè é, dáìsì méjì ni wọ́n sì fi ń ta á, lórí tábìlì gígùn tó ní ògiri kékeré yíká. Ẹnì kan á ju dáìsì kí wọ́n lè lọ kan ògiri ìkangun kejì, gbogbo èrò tó yí tábìlì ká á sì máa ta lé ohun tí ó bá jù. Ibi tí wọ́n kọ Pass Line sí ni ọ̀pọ̀ ń gbé owó lé. Bí jíjù àkọ́kọ́ bá jẹ́ 7 tàbí 11, wọ́n jẹ. Bí ó bá jẹ́ 2, 3 tàbí 12, owó wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, 4, 5, 6, 8, 9 tàbí 10, nọ́ńbà yẹn ti di póìntì, wọn yóò sì máa ju dáìsì náà títí póìntì yóò fi padà wá tàbí tí 7 yóò fi dé. Póìntì ló kọ́kọ́ dé? Pass jẹ. 7 ló kọ́kọ́ dé? Ó tán. Ẹni tó bá gbé owó sí Don't Pass ń ta òdìkejì gbogbo èyí, àfi pé 12 ní jíjù àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀mì fún un: kò jẹ, kò sì pàdánù.

7 ni ọba ibẹ̀. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà dúró, mẹ́fà ló ń mú 7 wá. 6 àti 8 ní ọ̀nà márùn-ún márùn-ún, 5 àti 9 ní mẹ́rin mẹ́rin, 4 àti 10 ní mẹ́ta mẹ́ta.

Don't Pass ni Bergstrom gbé gbogbo owó rẹ̀ lé. Obìnrin kan ló ń ju dáìsì. Ó ju 6, 6 di póìntì. Ó tún jù ú, 9 ló wá. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, 7 yọ. Wọ́n ka 777,000 dọ́là mìíràn fún un, àpótí tó ṣófo kún, Ted ọmọ Binion sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n ní ó ṣàlàyé pé ọ̀wọ́n gógó á ṣáà jẹ owó náà tán bí òun bá fi pamọ́, ni òun ṣe pinnu pé kó di méjì tàbí kó parun pátápátá.

Tábìlì yìí kò rí bí àwọn oníwàásù kan ṣe ń sọ ọ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe rí gan-an, nítorí irọ́ kì í yọ ẹni tó ti kó sínú tẹ́tẹ́. Kò sí ojóóró nínú craps tí wọ́n ń ta ní ilé tó gbàṣẹ. Bí ènìyàn bá ta Pass nígbà 495, ìṣirò fi hàn pé yóò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 244, ilé yóò sì jẹ ní 251. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju méje lọ. Bí ó bá jẹ́ ₦1,000 ló ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦7,000 ni ilé yọ nínú ₦495,000. Ti Don't Pass tún kéré díẹ̀ sí i. Àárín tábìlì ni wọ́n ti ń bó èèyàn láwọ̀. Tẹ́tẹ́ kan wà níbẹ̀ tó sọ pé 7 ni yóò wá ní jíjù tó kàn, wọ́n á sì san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá jẹ. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ₦1,000 nígbà 36: ìgbà mẹ́fà tí 7 yóò wá á fún ọ ní ₦24,000, ìgbà ọgbọ̀n tó kù á gba ₦30,000 lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà, Bergstrom mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí èrè ilé ti kéré jù ló fi owó sí, ó sì ta á lẹ́ẹ̀kan, ó gbéra. Èrè kékeré tí ilé ń jẹ kò lágbára lórí ẹni tó ta lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń ta á léraléra ló ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Síbẹ̀, ó padà wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1984 ó gbé 538,000 dọ́là wá, ó jẹ. Ó tún ta díẹ̀ sí i, 117,000 lápapọ̀, ó tún jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ó dé pẹ̀lú mílíọ̀nù kan dọ́là: owó tútù, owó wúrà àti ìwé sọ̀wédowó báńkì. Don't Pass náà ni. Jíjù àkọ́kọ́ pàá, 7 jáde. Nọ́ńbà tó gbè é ní 1980 ló gba mílíọ̀nù rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1985, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú hótẹ́ẹ̀lì kan ní Las Vegas. Ẹni ọdún 33 ni. Kò yẹ ká di gbogbo ẹrù náà lé dáìsì lórí. Ìfẹ́ kan tó dàrú wà lára ohun tó ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tó gbà àti ohun tó sọnù: ó jẹ 1,432,000 dọ́là lórí tábìlì náà, ó pàdánù mílíọ̀nù kan. Èrè 432,000 ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí mo ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ẹni tó jẹ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Pípàdánù nìkan kọ́ ló ń fa ènìyàn padà sí tábìlì, jíjẹ náà ń fà á, iye tí yóò sì tó láti tún mú orí rẹ̀ gbóná á máa ga sí i.

Irú ìfàmọ́ra yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí Bergstrom. Bernard de Marigny, ọmọ olówó ní New Orleans, fẹ́ràn craps débi pé nígbà tó ń gé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tà láti 1806, ó fi orúkọ eré náà sọ òpópónà kan. Nígbà tó kú ní 1868, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó kù nínú ọlà ńlá yẹn.

Bó ti wá rí ní ọ̀dọ̀ wa nìyí. Bergstrom ta lọ́nà tó ṣòro fún ilé láti jẹ. Àwọn ọmọ wa ń ta lọ́nà tó rọrùn fún un jù lọ, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láti àárọ̀ títí dọ̀gànjọ́. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì eré bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí wọ́n máa ń so pọ̀. Bí ilé bá ń yọ ₦5 nínú ₦100 lórí eré kọ̀ọ̀kan, ₦100 tí o fi ta mẹ́wàá papọ̀ ti di nǹkan bí ₦60 kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Nígbà tí eré kan bá wá gé e, ọmọ náà á ní oríire òun ló kù díẹ̀. Kì í ṣe oríire. Ogójì náírà ti lọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, pé kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti Abẹ́òkúta, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, nìyẹn. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń ṣojú Ìpókíà, ẹ dìde sí i. Ẹ jẹ́ kí òfin lé ilé tẹ́tẹ́ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, kí ó sì mú àwọn onítẹ́tẹ́ orí fóònù wádìí ọjọ́ orí ẹni tó ń ta dájú. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ilé kọ̀ọ̀kan náà, bí ọmọ bá ti ń yáwó ta tẹ́tẹ́, ẹ má pa á mọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà pé kí wọ́n ti àkáǹtì òun pa, kí ẹ sì gba káàdì báńkì rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá tó lè bá a mú un dání.