Ikọ́ Tí Baálé Gbé Wọlé

 

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kò jẹ mọ́ sàká tàbí ààwẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìjọba Saudi ti ilẹ̀kùn Úmúrà mọ́ àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní Èkó, àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ó ti dé Ìpínlẹ̀ Rivers. Wọ́n ti ọjà, wọ́n ti mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, wọ́n ní kí ará Port Harcourt àti Obio-Akpor jókòó sílé. Àwa tí a ń tajà ní Creek Road, létí omi, níbi tí ọkọ̀ Bonny àti Nembe ti ń já èrò àti ẹja, a kò lè gbàgbé àkókò náà.

Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ti ọjà, kí ló dé tí àìsàn náà kò dúró? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn, ó sì korò. Ilé la jókòó sí. Ẹnìkan ti mú un wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, inú ilé ló sì ti ń pín in.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń rìn. Kòkòrò àrùn yìí, àti ọ̀fìnkìn líle tí ó jọ ọ́, inú imú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó bá sín, tó bá ń sọ̀rọ̀, tó bá ń ké kéwú sókè, omi tíntìntín máa ń bá èémí rẹ̀ jáde. Èyí tó tóbi á bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Èyí tí ojú kò lè rí á máa léfòó bí èéfín tùràrí. Ẹ̀yin náà mọ tùràrí. Bí fèrèsé bá ṣí, kò ní pẹ́ lọ. Bí yàrá bá pa dé, aṣọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò gba òórùn rẹ̀, títí dé ti ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó ní kòrónà lè máa fún ẹlòmíràn ní nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara òun alára tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 54 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn tó ń bá ẹni tó ní in gbé ilé, bíi 17 ló ń kó o. Láàárín tọkọtaya, ó tó 38. Nígbà tí ẹ̀yà Omicron dé ní ìparí ọdún 2021, ó di bíi 43 nínú 100 fún gbogbo ará ilé. Ẹni tí a jọ ń sùn sórí ẹní kan ni ewu wa ga jù fún, ẹni tí a lè ná gbogbo owó wa lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ yí ìṣirò yẹn padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú 100 ti àkọ́kọ́ yẹn, 83 kò kó o. Ó jẹ́ pé ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè bá aláìsàn gbélé kí àìsàn náà má sì ràn án.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Ní ọdún 2020 yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọjà padà, mo darí wálé lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀fun ń yún mi. Ìyàwó mi ní, “Ààfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sùn ní pálọ̀ lónìí.” Inú bí mi. Mo ní ṣé èmi ni wọn yóò yà sọ́tọ̀ bí adẹ́tẹ̀ nínú ilé tí mo ń san owó rẹ̀? Mo wọ yàrá, mo ti fèrèsé pa, a sùn síbẹ̀, èmi, òun àti àwọn ọmọ. Ìyá rẹ̀ tó wá láti Ìwó, tó wá ń bá wa wẹ ọmọ tuntun, wà ní yàrá kejì, ṣùgbọ́n abọ́ kan náà la jọ ń jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó kan Màmá. Ọ̀fun tó yún mi fún ọjọ́ mẹ́ta péré gbé Màmá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ń fi ìrọ̀rí gbé wọn lẹ́yìn kí wọ́n lè mí. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò fún wa, nítorí náà n kò lè fi Ọlọ́hun búra pé kòrónà ni. Ẹni tó gbé e wọlé nìkan ni mo mọ̀. Màmá yè, àlùhámúdù lílàhì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wọn kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró sinmi. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bú mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀.

Àwọn kan nínú wa á ní kádàrá ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tó dé Sargh, tí wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ìmọ̀ràn, ó sì yí padà. Abu Ubayda bi í léèrè bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Ó fèsì pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun, inú kádàrá Ọlọ́hun náà lòun ń sá lọ. Abdur-Rahman ọmọ Awf ló wá mú un wá láti ọ̀dọ̀ Ànọ́bì pé kí a má wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá wà, bí ó bá sì bá wa níbẹ̀, kí a má sá jáde. Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà kan máa ń mú hadíìsì mìíràn wá pé kò sí àkóràn. Abu Hurayra tó gba èyí wá náà ló gba ti ràkúnmí wá, pé kí ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn má dà wọ́n mọ́ èyí tí ara rẹ̀ le. Àlàyé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ni pé àìsàn kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀ láìsí àṣẹ Ọlọ́hun, kò wá sọ pé kí a da aláìsàn mọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ànọ́bì fúnra rẹ̀, bó bá fẹ́ sín, á fi ọwọ́ tàbí aṣọ bo ojú.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ tún kù. Bí ara kò bá yá, ọkàn wa á fà sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ẹdẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn tó pa ayé run wọ Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn, ọkọ̀ ojú irin sì ń bá wọn gbé e lọ sí òkè. Ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn bí a bá kó ikọ́ wa wọ ọkọ̀ èrò fún odidi ọjọ́ kan, tí a sì lọ tú u sílẹ̀ ní yàrá bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ dúró kí ara yá ná. Ilé kò ní sá lọ.

Ní ti fèrèsé, mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Láti ìparí ọdún 2016 ni eruku dúdú ti ń bà lé wa lórí ní ìlú yìí, láti ibi tí wọ́n ti ń sè epo rọ̀bì láìgba àṣẹ nínú igbó odò. Bí o bá ṣí fèrèsé, aṣọ funfun á di dúdú. Èmi náà ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí aláìsàn bá wà nílé, ẹ ṣí i. Aṣọ tó dúdú ṣe é fọ̀. (Kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé náà, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.)

Yàrá kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ wa ní, n kò sì ní purọ́ pé ó rọrùn. Kí aláìsàn sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí fáànù máa fẹ́ síta, kí àwọn yòókù sùn sí apá kejì, kí orí wọn jìnnà síra. Kí òun àti ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lo ìbòmú, kí ẹni náà jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Ẹ máa bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fún un ní ife àti bútà tirẹ̀. Bí arúgbó bá wà nílé, aládùúgbò tó ní àyè lè gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ wa kò ní ìwúlò mìíràn tó ju èyí lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kẹta ọdún 2021. Bí èémí bá ń ga, tí ètè ń di aró, tàbí tí aláìsàn kò mọ ibi tó wà mọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de àgbo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Kò sọ pé ó ti lọ.

Ní ilé kéwú mi, ọmọ tó bá ń wúkọ́, kí ó dúró sílé títí ara rẹ̀ yóò fi yá. N kò ní gba owó alárùúbá ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Wàláà rẹ̀ yóò wà lára ògiri, ibi tó kà dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.