Ìwúre fún Ọwọ́ Tó Ń Kọ́lé, Tó Ń La Títì, ní Ìkirè àti Àpòmù

Olódùmarè, Ọba tó dá ilẹ̀ kí ó tó dá ẹni tí yóò kọ́lé lé e lórí, a dé síwájú Rẹ. Omi tútù rèé, obì rèé, orógbó rèé, ataare rèé. Gbogbo ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé àti Ìṣọ̀kan, níbi tí Ìkirè àti Àpòmù wà, la ń wúre fún, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà la pè síwájú lónìí, àwọn àti agbaṣẹ́ṣe, bíríkìlà, ẹni tó ń tẹ irin, títí dé orí ọmọ tó ń po kọnkéré nínú oòrùn. Bí orí bá gbè wọ́n, gbogbo wa ló gbè.

Ataare tó wà lọ́wọ́ wa yìí kì í ṣe ohun kékeré níhìn-ín. Ní nǹkan bí ọdún 1821, ataare tí wọ́n ń tà ní ọjà Àpòmù ló dá aáwọ̀ sílẹ̀. Aáwọ̀ ọjà di ìjà, ìjà di ogun Òwu, Òwu sì tú. Ogun náà ní gbòǹgbò mìíràn, nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń kó lẹ́rú, ṣùgbọ́n orí ataare ló ti gbiná. Nítorí náà, Olódùmarè, kí ohun kékeré má di ogun sí wa lọ́rùn. Kí omi tó lé díẹ̀ nínú kọnkéré má wó òpó. Kí irin tí ìwé pè ní mẹ́jọ má di mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹnjiníà bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń mójú tó ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ti sọ ọ́ pé rírẹ́ ògiri ni sìmẹ́ńtì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún, pé 42.5 ni kí a fi da òpó àti dẹ́kì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ti ògiri da òpó nítorí owó tó kéré, kí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Àṣẹ.

Ọjọ́ tí a da kọnkéré kọ́ ló ń gba agbára rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ fi ń dúró kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n tó mọ ohun tó lè gbé. Olúwa, fún àwọn ẹnjiníà wa ní sùúrù ọjọ́ 28. Bí onílé bá ń pariwo pé òjò ti ń ṣú, pé owó ń lọ, jẹ́ kí ẹnu wọn gbà á láti sọ pé, “Ẹ ní sùúrù, Bàbá, èsì àyẹ̀wò kò tíì jáde.” Èyí tó le jù lọ rèé: fún ẹnjiníà ní ìgboyà láti kọ̀. Òfin ló dá àjọ COREN sílẹ̀ ní ọdún 1970, kí ará ìlú lè mọ ẹni tó tọ́ láti pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Kí èdìdì rẹ̀ má di ohun tí a ń yá lò. Kí ẹni tí kò fojú rí ìpìlẹ̀ má fọwọ́ sí ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá tìtorí èyí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Olúwa, fi iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ san án fún un. Àṣẹ.

Ọba òkè, ojú ọjọ́ ti yí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ti mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa: odò Ògùnpa kún ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ènìyàn lọ; ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo tún wó afárá, ó wó ilé, àwọn tó bá a lọ lé ní 100. Odò Ọ̀ṣun tó ń lọ sí Aṣẹ́jirè, níbi tí Ìbàdàn ti ń mu omi, ẹ̀gbẹ́ wa ló ń gbà kọjá. Má jẹ́ kí a gbọ́ irú rẹ̀ ní Ìkirè. Má jẹ́ kí a gbọ́ ọ ní Àpòmù. Má jẹ́ kí ẹnjiníà wa fi òjò ayé bàbá rẹ̀ wọn gọ́tà tí ọmọ rẹ̀ yóò lò. Fún àwọn ọba wa, Akirè àti Alápòmù, ní ẹ̀mí gígùn àti ohùn tó ń múlẹ̀, kí wọ́n lè lé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé dí ojú omi. Àṣẹ.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ ISO fi gbólóhùn kan kún ISO 9001, ìlànà tí ilé-iṣẹ́ káríayé fi ń mójú tó bí iṣẹ́ wọn ṣe dára sí: kí oníkálukú yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyípadà ojú ọjọ́ kan iṣẹ́ òun. Kí gbólóhùn náà má kú sínú fáìlì. Ó kan iṣẹ́ wa. Èéfín iná tí a fi ń sun òkúta ẹfun di sìmẹ́ńtì, àti afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára òkúta náà fúnra rẹ̀, tó nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run. Ilé tó wó tí a tún un kọ́ ti jẹ sìmẹ́ńtì ilé méjì. Títì tó bàjẹ́ kí ọdún tó yí po ti jẹ ọ̀dà méjì, ó ti mu dísẹ̀lì katapílà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ti ṣe ojú ọjọ́ lóore kí ó tó gbin igi kan. Olúwa, jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́ àṣelà, kí ó má jẹ́ àṣetúnṣe. Àṣẹ.

Ìwọ lo fi ọgbọ́n fún àwọn ìyá wa ní Ìkirè, tí wọ́n fi mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá títà, tí wọ́n fi ata àti epo pupa sọ ọ́ di dòdò tí arìnrìn-àjò ń dúró rà. Fi irú ọgbọ́n yẹn sórí àwọn ọmọ wọn tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èèpo ẹkùrọ́ tó ń kún ẹ̀yìn ibi tí a ti ń ṣe epo, àwọn olùwádìí ti ń gbé e wò pé ó lè rọ́pò òkúta nínú kọnkéré tí kò ní gbé ẹrù wúwo. Jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n má fi ìkánjú bà á jẹ́.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó búlọ́ọ̀kù jọ díẹ̀díẹ̀, ìwúre náà kàn yín. Kí owó yín má ṣòfò. Kí ẹ gbé inú ilé yín pẹ́. Kí ẹ sì tó san owó yòókù fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yín, ẹ ní kí ó fi èsì àyẹ̀wò kọnkéré náà hàn yín, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí omi òjò yóò gbà jáde. Àṣẹ.