Kí Ni Ó Ń Ṣọ́ Ibi Tí Kò Tíì Bàjẹ́?

Ó wu ọmọ aráyé láti wá ibi tí ariwo kò sí lọ. Ẹni tí hílàhílo ìlú ńlá bá ti sú a máa wá erékùṣù kan tí ó dá wà láàrin òkun. A pàgọ́ sí etí omi, a de awò mọ́jú, a ti ọ̀pá tí a fi ń mí bọ ẹnu, a sì dojú bolẹ̀ lórí omi láti wo ẹja àti iyùn ní ìsàlẹ̀. Kò sí aburú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbé yẹ̀ wò: kí ni ó ń ṣọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ tí kò fi bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi etíkun kan tí wọ́n ń pè ní Maya Bay, ní erékùṣù Phi Phi Leh ní ilẹ̀ Táílàńdì, ṣe àpẹẹrẹ. Sinimá kan tí wọ́n yà níbẹ̀ jáde ní ọdún 2000, òkìkí ibẹ̀ sì kàn káyé. Nígbà tí ó yá, àlejò tí ń wọ ibẹ̀ lójúmọ́ tó nǹkan bí 5,000. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ń fọ́ iyùn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìjọba ti ibẹ̀ pa. Ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n sì fi òfin de ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀tá kọ́ ni ó ba ibẹ̀ jẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Kí a má rò pé òkè òkun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ni òkè Adó-Àwáyé wà. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé orí àpáta tí adágún Ìyàkẹ́ wà. Àwọn èwe ń ti ìlú ńlá wá wò ó, àwọn mìíràn a sì pàgọ́ sùn sórí òkè. Àwọn àgbà a máa sọ pé adágún náà kò nísàlẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá kó sínú rẹ̀ ti bọ́ sí ayé mìíràn, àrìnmábọ̀ ni. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó ń dá ènìyàn dúró létí omi náà; ìtàn ni.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ti ka sáyẹ́ǹsì yóò bi olùkọ́ rẹ̀ pé: “Sà, ṣé lóòótọ́ ni adágún kì í nísàlẹ̀?” Bí olùkọ́ bá ní òótọ́ ni, ó ti fi ohun tí kò dá a lójú kọ́ ọmọ. Bí ó bá ní irọ́ ni, tí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ó ti tú ọgbà láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba ṣòfin. Òfin dára. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, adágún kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fọwọ́ kan omi rẹ̀, nítorí pé òróró ara ènìyàn a máa ba àpáta tí ó gba omi náà dúró jẹ́. Ohun kan náà ni òfin wọn àti èèwọ̀ wa ń wí: má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò tó níbi tí kò bá sí ẹni tí ń mú un ṣẹ.

Èèwọ̀ pẹ̀lú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ẹ̀rù Ìyàkẹ́ ń bà kò ní wọ inú omi, ṣùgbọ́n ó lè ju ọ̀rá omi sórí àpáta, ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sára òkúta, ó sì lè dáná nínú ọyẹ́, kí ó fi ẹ̀ṣẹ́ná sílẹ̀ fún koríko gbígbẹ. Ìtàn àwọn àgbà kò sọ̀rọ̀ ọ̀rá, nítorí pé ìtàn náà ti wà kí ọ̀rá tó dé. A kò sì lè ní kí àlejò má wá mọ́, nítorí àwọn kan ń jẹun lára àlejò.

Èrò tèmi ni pé kí olùkọ́ sọ òótọ́ fún ọmọ, kí ó sì sọ ọ́ dópin. Kí ó ní: “Èmi kò rí ìsàlẹ̀ adágún, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn baba wa ń kọ́ wa. Wọ́n ń kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wu ojú ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn.” Ọmọ tí ó bá gba ẹ̀kọ́ yìí yóò kó ọ̀rá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i.

Àwọn àgbà ní ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Ohun ọ̀ṣọ́ ni a sábà máa ń túmọ̀ ẹ̀ṣọ́ yìí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan náà, ẹ̀ṣọ́ ni à ń pè é. Níbi tí ẹ̀rù kò dé mọ́, tí òfin kò sì tíì dé, ìwà nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tí ó kù.